Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń jèrè, ṣíà ẹ̀ ò gbéra: bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kówó sí i

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta epo pupa ní ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ló bi mí ní ìbéèrè yìí, bí ẹni tí wọ́n yàn jẹ ló sì ṣe bi mí. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù yẹn jèrè ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù, gbogbo ọmọ ló ń ra fọfẹ̀, gbogbo ọjà ló ń fi fóònù sanwó, kí ló wá dé tí ṣíà tí mo fowó àjọ mi rà fi jókòó síbi tó wà látọdún tó kọjá?" Mo jókòó tì í láàárín àwọn bídọ̀n epo ẹ̀, a sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan, àwọn èèyàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Sakété ti bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ra ṣíà, inú mi dùn sí i gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú tà á ní àdánù torí pé kò rẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Kẹ́ ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọjà ṣíà tiwa, BRVM, Abidjan ló fìdí sí, láti oṣù kẹsàn-án 1998 ló ti ń ṣiṣẹ́, àwa orílẹ̀-èdè 8 tá a jọ ń ná sẹ́fà kan náà la jọ ń lò ó. Ẹ ò lè dé bẹ̀ fúnra yín, SGI lẹ máa gbà kọjá, àwọn yẹn ló ní ìwé àṣẹ láti bá èèyàn rà àti láti bá èèyàn tà, wọ́n wà ní Kútọnù. (Àwọn tó kọ́ Faransé ń pe ṣíà ní action, àwọn ará Èkó ní ṣíà, nǹkan kan náà ni: ìpín kékeré tẹ́ ẹ fowó rà nínú ilé-iṣẹ́.) Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni Sonatel ti Sẹ̀nẹ̀gàl, Onatel ti Bùrùkínà Fasò, àti Orange Côte d'Ivoire tó wọlé lópin ọdún 2022. MTN tá a ń lò níbí ò sí lórí ọjà yẹn, ṣíà MTN Group ń bẹ ní Johannesburg, MTN Nàìjíríà náà sì ní tiẹ̀ ní Èkó láti oṣù karùn-ún 2019. Moov, Maroc Telecom ló ni ín, Casablanca ni ṣíà ìyẹn wà. Celtiis ní tiẹ̀, ti ìjọba ni. Torí náà tí rédíò bá ní "MTN jèrè", ẹ bi wọ́n pé MTN wo, èrè tí wọ́n jẹ ní ibì kan lè má kan ṣíà tó wà lọ́wọ́ yín rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gan-an. Oko ọ̀pẹ ni mo fi ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, torí ohun tó mọ̀ dunjú nìyẹn.

Mo ní, ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan ní Sakété ní oko ọ̀pẹ, tó bá ti sanwó fáwọn tó ń kọ ẹyìn àtàwọn tó ń ṣe epo, 500,000 sẹ́fà ló máa ń kù sí i lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Bàbá yìí wá fẹ́ ta oko náà, ṣé 500,000 ló máa tà á? Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò ta oko ní iye tó ń pa lọ́dún kan ṣoṣo. Ó tọ́, ó máa ní káwọn èèyàn mú mílíọ̀nù 5 wá, ẹni tó bá sì mọ ọ̀pẹ máa san án, torí òun náà mọ ohun tí oko yẹn ń pa. Ẹ rà á ní mílíọ̀nù 5. Ọdún yípo, oko pa 500,000, ẹ gba owó yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á báyìí, èló lẹnì kejì máa san? Mílíọ̀nù 5 náà ni. Oko ò bàjẹ́, ọ̀pẹ ò gbẹ, èrè wọlé, àmọ́ iye oko ò yẹ̀, torí pé ohun tí gbogbo èèyàn ti retí náà ló ṣe. Tó bá ṣèèṣì pa 700,000, táwọn èèyàn sì gbà pé bẹ́ẹ̀ láá máa pa lọ, ẹ máa rí ẹni tó máa san mílíọ̀nù 7. Àmọ́ ká ní gbogbo Sakété ti ń pariwo pé lọ́dún yìí á pa 600,000, wọ́n sì ti ń ná an ní mílíọ̀nù 6, ó wá pa 520,000, ńkọ́? Èrè ti lé ti tẹ́lẹ̀, iye oko á sì já wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 6.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ṣé èrè á gòkè kí iye ẹ̀ já wálẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣẹlẹ̀. Èrè tí gbogbo ayé ti mọ̀ ti wà nínú iye tẹ́ ẹ fi rà á. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀, tàbí tí wọn ò tíì gbà gbọ́, ló ń gbé ṣíà.

Nítorí náà, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé bílíọ̀nù tí wọ́n ń kà lórí rédíò, kẹ́ ẹ wá èrè tó kan ṣíà kan. Ẹ mú èrè ọdún, ẹ pín in sí iye ṣíà tí ilé-iṣẹ́ náà ní. Sonatel ní ṣíà mílíọ̀nù 100, Safaricom ti Kẹ́ńyà ní bílíọ̀nù 40. Tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá jèrè bílíọ̀nù 100 lówó tiwọn, 1,000 ló kan ṣíà kan níbi àkọ́kọ́, 2 àtààbọ̀ ló kàn án níbi kejì, bílíọ̀nù kan náà là ń sọ o. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ mú iye tí wọ́n ń ta ṣíà náà lónìí, ẹ fi èrè tó kan ṣíà kan pín in. Tó bá jẹ́ 20,000 ni wọ́n ń tà á, tí èrè tó kàn án jẹ́ 2,000, ẹ rí 10, ìyẹn ni pé iye èrè ọdún 10 lẹ ń san sílẹ̀ bí oko ọ̀pẹ yẹn. Ẹ wá wò ó bóyá ọdún mẹ́ta mẹ́rin sẹ́yìn 6 tàbí 7 ni wọ́n ń san. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ṣíà náà ti gbéra kẹ́ ẹ tó dé, èrè ló ń sá tẹ̀ lé e báyìí kó lè bá a, ó sì lè jókòó fún ọdún bíi mélòó kan kí èrè tó dé ibi tí iye ẹ̀ ti lọ dúró. Ìwé tẹ́ ẹ máa fi ṣe gbogbo èyí kì í ṣe àwámáàrídìí, BRVM máa ń gbé ìwé iye ọjà jáde lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé ìròyìn ọdún ẹ̀ jáde. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, tó bá ṣòro kà, ẹ ké sí ọmọ ilé yín tó wà ní yunifásítì kó jókòó tì yín.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tó kéré lójú náà. Àwọn kan á ní ṣíà 2,000 ló dáa torí pé ó rọ̀ jọ̀jọ̀, ti 20,000 ti wọ́n jù. Rárá o. Ní 2012 Sonatel pín ṣíà ẹ̀, ẹni tó ní 1 di ẹni tó ní 10, iye ṣíà kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá wo iye nìkan láìmọ̀dí á ní ó ti já, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tún wà níbẹ̀, èyí tí mo fi ara mi kọ́. Lọ́dún kan mo gbọ́ ìròyìn èrè ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan (mi ò ní dárúkọ wọn), mo sáré pe SGI lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n bá mi rà. Mo rà á tán, ó dúró bí ọjọ́ mélòó kan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n ti ń gbé ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta jáde látìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn tó ń ka ìwé yẹn ti rà láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ tí rédíò ké e gan-an ni wọ́n ń tà fún èmi àtàwọn bíi tèmi. Ó dùn mí púpọ̀, torí owó tí mo fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú ẹ̀. Látìgbà náà, tí mo bá gbọ́ ìròyìn èrè, mo máa ń kọ́kọ́ wo iye ṣíà yẹn ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Tó bá ti gòkè kí ìròyìn tó dé, mi ò ní sáré mọ́.

Èyí tó wá tẹ̀ lé e ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo ní kó mú ìwé tí SGI fún un wá. Ó lọ tú àpò tó ń kó ìwé ọjà sí, ó mú un jáde, epo ti kàn án létí. Ṣíà 20 ló ní, 15,000 ló ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300,000 lápapọ̀. Ọjọ́ tá a jókòó yẹn, wọ́n ṣì ń tà á ní 15,000 àti díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní owó òun ò gbéra. Mo wá tọ́ka sí ìlà kan nísàlẹ̀ ìwé náà: 22,000. Owó dífídẹ́ńdì ni, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà pín, 1,100 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti san án sínú àkáǹtì ẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, kò sì mọ̀ rárá! Owó ẹ̀ ti pa ohun tó lé ní 7 lórí 100 láàárín ọdún kan, ó wá ń sunkún pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó ti dàgbà sábà máa ń pín èyí tó pọ̀ nínú èrè ẹ̀, owó tó bá sì ti jáde kúrò nílé-iṣẹ́ ò sí nínú ilé-iṣẹ́ mọ́, nítorí náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá já dífídẹ́ńdì kúrò lára ṣíà, iye ṣíà á já sílẹ̀ níwọ̀n bó ṣe tó. Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ yẹn ò ní rí dífídẹ́ńdì ọdún yẹn gbà, ó fi yẹ kó rà á ní iye tó kéré. Tẹ́ ẹ bá wo iye nìkan lọ́dọọdún, á dà bíi pé ó ń lọ ó ń bọ̀ lójú kan. Ẹ ro dífídẹ́ńdì mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ jèrè tàbí ẹ ò jèrè.

Ẹ wá bi ara yín pé ibo ni èrè yẹn ń lọ. Iṣẹ́ tẹlifóònù ń jẹ owó ju bá a ṣe rò ó lọ, òpó nẹ́tíwọ̀kì, gáàsì jẹnẹrétọ̀, ìwé àṣẹ 4G, kí ẹnu tó kúrò ńbẹ̀ 5G ti dé, ìjọba á tún gbowó ìwé àṣẹ ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ lè kọ èrè ńlá sínú ìwé kó má sì sí owó lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa pín, torí ó ti rì í mọ́lẹ̀. Safaricom ló yẹ ká wò dáadáa lórí èyí. Ní 2008 tí wọ́n kọ́kọ́ ta ṣíà ẹ̀ fún aráàlú, ṣílè Kẹ́ńyà 5 ni wọ́n tà á, nígbà tó fi di 2021 ó ti kọjá 40. Lọ́dún 2021 náà ni òun àtàwọn tó bá a dòwò pọ̀ san mílíọ̀nù 850 dọ́là gba ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Etiópíà, ní oṣù kẹwàá 2022 wọ́n ṣílẹ̀kùn ní Addis Ababa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó káàkiri orílẹ̀-èdè tó fẹ̀ bí nǹkan mìíràn. Nílé ní Kẹ́ńyà, èrè ò dáwọ́ dúró, M-Pesa, iṣẹ́ fífi fóònù fowó ránṣẹ́ tó ń ṣe, ń pawó bó ṣe ń pa á, síbẹ̀ nígbà tí 2023 fi máa parí, ṣíà yẹn ti wà nísàlẹ̀ 15. Ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè ni o! Àwọn tó ní in ń wo owó tó ń bá Etiópíà lọ, wọn ò mọ ìgbà tó máa padà.

Etiópíà nìkan kọ́ ló fà á. Lásìkò kan náà, ìjọba Kẹ́ńyà ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú ní èlé gíga, nígbà tó fi di oṣù kejì 2024 ó ti lé ní 18 lórí 100. Ẹni tó bá lè yá ìjọba lówó, kó jókòó sílé, kó gba 18, kí ló máa wá ṣe nínú ṣíà tí ò dá a lójú? Àwọn àjèjì náà ń kówó wọn jáde. Ìjọba ní 35 lórí 100 nínú ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, àwọn Vodacom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti South Africa, ní bí 40, àwọn méjèèjì yìí ò tà wọn ò rà lásìkò yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù tí gbogbo ayé ń yí lọ́wọ́, tí àjèjì mélòó kan bá fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ò sí ẹni tó máa gbà á, ó ti já nìyẹn. Lórí ọjà tiwa ní Abidjan náà, ẹ máa bi SGI pé èló ni ìjọba ìlú yín ń san báyìí fẹ́ni tó bá yá a lówó. Tí dífídẹ́ńdì bá ń mú 7 wá, tí ìjọba náà ń san ohun tó súnmọ́ 7, ọ̀pọ̀ báńkì á lọ síbi tí ọkàn wọn ti balẹ̀.

Ọjà tiwa kéré náà. Iye ṣíà kan ò lè gòkè tàbí kó já ju 7.5 lórí 100 lọ lọ́jọ́ kan, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé èèyàn díẹ̀ ló máa rà tàbí tà. Èrè lè dáa, kí ẹni tó fẹ́ rà má sí lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá tún ń wo tẹlifóònù, ẹ wo ìjọba àti ẹni tó ń bá a du ọjà. Àwa níbí kò lè gbàgbé oṣù kẹsàn-án 2018, tí ìjọba ní ká máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kan tá a bá lo Facebook àti WhatsApp, ariwo sọ, wọ́n wọ́gi lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àṣẹ kan péré lè yí iye tí ilé-iṣẹ́ ń pa padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù kẹwàá 2015, Nàìjíríà bu owó ìtanràn lé MTN torí àwọn síìmù tí wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tírílíọ̀nù 1.04 náírà, wọ́n wá dín in kù sí bílíọ̀nù 330 ní 2016, ṣíà ẹ̀ ní Johannesburg ti já kí wọ́n tó dín in kù. Ti ẹni tó ń bá a du ọjà, ẹ wo Wave, ilé-iṣẹ́ tó ń báni fi fóònù fowó ránṣẹ́, ó dé Sẹ̀nẹ̀gàl àti Côte d'Ivoire, ó ní 1 lórí 100 péré lòun máa gbà tẹ́ ẹ bá fowó ránṣẹ́, ìfowósí àti ìgbowó jáde ọ̀fẹ́, ní 2021 Orange Money náà ní láti dín owó ẹ̀ kù. Àǹfààní fún ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, àmọ́ fún ẹni tó ní ṣíà, orísun owó kan ti dínkù nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Ìdìrókò àti Èkó, tẹ́ ẹ fẹ́ ra MTN Nàìjíríà, ti owó náírà lẹ ní láti rò jù. Láti oṣù kẹfà 2023 tí náírà ti já, ilé-iṣẹ́ yẹn ta ọjà tó lé ní tírílíọ̀nù 2.4 náírà lọ́dún náà, ó ju ti ọdún tó ṣáájú lọ dáadáa, síbẹ̀ àdánù bílíọ̀nù 137 ló kọ sílẹ̀ lópin ọdún, torí gbèsè àti owó òpó tó ń san ní dọ́là. Kódà tí iye ṣíà bá gòkè ní náírà, ẹ yí i sí sẹ́fà kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé kóun tà á. Mo ní mi ò lè bá a pinnu ìyẹn, àmọ́ kó lọ bi SGI ẹ̀ ní nǹkan mẹ́rin: èrè tó kan ṣíà kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, dífídẹ́ńdì tó ti gbà, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ, àti owó tó fẹ́ ná sórí òpó tàbí ìwé àṣẹ tuntun. Tí wọn ò bá fún un lésì, kó wá SGI mìíràn, iṣẹ́ wọn ni, owó ló sì ń san fún wọn. Ó fi bíírò kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ó tilé ọjà lẹ́yìn aago méjì, ó wọ takisí lọ sí Kútọnù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí 22,000 yẹn.